Ijó Kọ́ Ni Ẹyẹ Yẹn Ń Jó

Fọ́tò kan wà nínú láptọ́ọ̀pù mi tí mi ò tíì gbé sórí íntánẹ́ẹ̀tì láti Júláì. Mo ti ṣí i wò títí ó fi sú mi, mo ti gé etí ẹ̀ kó ṣe rẹ́gí, mo ti dín ìmọ́lẹ̀ àyà ẹyẹ náà kù díẹ̀ kí funfun ẹ̀ má bàa fọ́ni lójú, ohun tó kù ò ju kí n gbé e sórí Facebook kí ẹ máa pè mí ní ọ̀gá onífọ́tò lọ. Ọwọ́ mi ò kàn lọ síbẹ̀ ni. Ìyàwó mi bi mí pé ṣé mò ń dúró de ẹni tó máa wá fi dọ́là rà á ni, mo ní rárá o, nǹkan kan ló wà nínú fọ́tò yẹn tí kò jẹ́ kí ọkàn mi balẹ̀, ọ̀sẹ̀ sì ń gorí ọ̀sẹ̀.

Ẹyẹ omi kan tó fara jọ pẹ́pẹ́yẹ ńlá, tí wọ́n ń pè ní loon, ló wà nínú ẹ̀. Ó nà dúró ṣánṣán lórí omi, ìdí ẹ̀ nìkan ló kan omi, àyà ẹ̀ funfun báláú, apá ẹ̀ méjèèjì là sílẹ̀, omi ń ta káàkiri, oòrùn àárọ̀ wá bọ́ sí i lójú tààrà débi pé pupa ẹyinjú ẹ̀ hàn ketekete. Lẹ́yìn ẹ̀, lápá òsì, ẹ máa rí ọmọ ẹ̀, nǹkan kékeré kan tí kò ju ìkúùkù lọ. Mi ò tíì ya fọ́tò tó tó yẹn rí, mi ò sì ní fi ìrẹ̀lẹ̀ bò ó.

Ẹyẹ tó ni adágún

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń bá mi bọ̀ tipẹ́ mọ̀ pé tí ìgbà ooru bá ti dé, tí mi ò bá sí lẹ́nu iṣẹ́, ẹ ò ní bá mi ní Worcester ní Massachusetts. Mo máa ń wakọ̀ gba ìhà àríwá lọ sí ìpínlẹ̀ New Hampshire ní Amẹ́ríkà níbí, sí adágún kékeré kan tí mi ò ní dárúkọ, ẹ má bínú. Ẹni tó bá ti dárúkọ ibi tí loon yé ẹyin sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, òun ló kó èrò lọ bá a. Ẹni tó bá fẹ́ wò ó lè lọ sí Squam tàbí Winnipesaukee, àwọn adágún ńlá tí gbogbo èèyàn ti mọ̀, tí omi wọn fẹ̀ tó kí ẹyẹ rí ibi sá sí.

Ẹyẹ pọ̀ níbẹ̀. Ẹyẹ ẹlẹ́sẹ̀ gígùn kan tí wọ́n ń pè ní heron wà tó máa ń dúró sínú koríko etí omi láti àárọ̀, kò ní mira rárá, ẹni tó bá wá gbójú kúrò lára ẹ̀ ní ìṣẹ́jú kan péré tó fi ẹnu gún ẹja ti pàdánù gbogbo ohun tó torí ẹ̀ jí. Wood duck, ìyẹn pẹ́pẹ́yẹ igbó kan, wà, akọ wọn gbé aṣọ aláràbarà wọ̀, ojú ń tì wọ́n ju ẹyẹ kẹ́yẹ lọ, ẹ ò tíì gbé kámẹ́rà sókè tán tí wọ́n ti wọ inú koríko lọ. Gúùsì Kánádà náà wà, ìyẹn èyí tó ń yàgbẹ́ sí gbogbo pápá Massachusetts, mi ò ní fi bátìrì mi ṣòfò lé wọn lórí jàre.

Ṣùgbọ́n loon ló ni adágún. Tí pẹ́pẹ́yẹ bá kó ọmọ ẹ̀ kọjá níbi tí kò yẹ, loon máa rì sábẹ́ omi, ó máa lọ yọ sí wọn láti ìsàlẹ̀, ó máa fi ẹnu gún wọn. A máa ń sọ nílé pé ojú ọ̀run tẹ́yẹ fò láì fara kanra. Ojú omi kọ́ o! Adágún kékeré kì í gbà ju tọkọtaya loon kan lọ, tí akọ àjèjì bá sì wá dìjà sílẹ̀, ìjà yẹn lè di ikú, ohun tó wá yà mí lẹ́nu ni pé onílé ló sábà máa ń kú, kì í ṣe àjèjì tó wá jà á gbà.

Omi ni wọ́n dá ẹyẹ yìí fún. Egungun ọ̀pọ̀ ẹyẹ ṣófo nínú kó lè rọrùn fún wọn láti fò, ti loon ki, ó wúwo, ìyẹn ló ń jẹ́ kó rì wọ̀ọ̀ láìyọnu. Ẹsẹ̀ ẹ̀ wà lẹ́yìn pátápátá lọ́wọ́ ìdí, ó dáa fún ìwẹ̀, kò dáa fún ìrìn, tó bá gun orí ilẹ̀ àyà ló fi ń wọ́. Ìdí nìyẹn tó fi ń tẹ́ ìtẹ́ ẹ̀ sí etí omi gan-an, níbi tí ìgbì ọkọ̀ lè dé. Ẹyin méjì ló sábà máa ń yé, akọ àti abo ló jọ ń sàba lé e fún bí ọjọ́ 28, tí ọmọ bá sì ti pa, kò ju ọjọ́ kan sí méjì lọ tí wọ́n á fi kúrò nínú ìtẹ́, ó di ẹ̀yìn ìyá tàbí ẹ̀yìn bàbá. Ẹ ò tíì mọ ohun tó ń jẹ́ pípọ̀n títí ẹ máa fi rí orí ọmọ loon tó yọ jáde láàárín ìyẹ́ bàbá ẹ̀ láàárọ̀ kùtùkùtù, tí kùrukùru ṣì wà lórí omi. Bí ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ ni wọ́n ń gbé wọn pọ̀n bẹ́ẹ̀ léraléra, torí òtútù, àti torí alábahun omi àti ẹja ńlá tó lè fa ọmọ láti ìsàlẹ̀.

Fún ẹ̀yin onífọ́tò, ẹ fetí sílẹ̀ díẹ̀. Orí dúdú, àyà funfun, kámẹ́rà ò mọ èyí tó máa gbà níbẹ̀. Tẹ́ ẹ bá jẹ́ kó tẹ̀ lé dúdú, àyà ẹyẹ máa di funfun lásán tí kò sí ìyẹ́ kankan nínú ẹ̀ mọ́, kò sì sí ohun tẹ́ ẹ lè ṣe sí i nílé. Èmi máa ń fi funfun ṣe ìwọ̀n, mà á wá gbé dúdú sókè tí mo bá délé. Oòrùn gbọ́dọ̀ wà lẹ́yìn yín kó sì wà nílẹ̀, láàárọ̀ tàbí nírọ̀lẹ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ojú pupa yẹn ò ní hàn. Lẹ́ǹsì gígùn tó ń fa ohun tó jìnnà sún mọ́, 150-600, ni mò ń lò, ó wúwo, apá á máa ro mí títí dọjọ́ kejì, ṣùgbọ́n òun ló ń jẹ́ kí n lè dúró jìnnà sí ohun tí mò ń yà.

Ẹ̀rín tí kì í ṣe ẹ̀rín

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ loon lóru, orí mi wú. Ìyá bàbá mi ló tọ́ mi, tí kòwéè bá ké lẹ́yìn ilé lálẹ́, màmá máa dákẹ́, wọ́n á wá bẹ̀rẹ̀ sí í dárúkọ àwọn ọmọ wọn tó wà nídàálẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n á máa ṣàdúrà sí i. Igbe loon yẹn, èyí tó gùn, tó ń fà lọ sókè, tí òmíràn á dá a lóhùn láti òdìkejì adágún, ibẹ̀ gan-an ló gbé mi lọ. Nígbà tó yá ni mo wá mọ̀ pé èyí ò ní wàhálà, tọkọtaya ló ń bi ara wọn pé níbo lo wà. Òmíràn wà tó jẹ́ akọ nìkan ló ń ké e, tó máa ń dún lákọlákọ, ìyẹn ló fi ń sọ fún àwọn àjèjì pé ẹnì kan ń gbébí o. Wọ́n tún máa ń kùn kékeré sí àwọn ọmọ wọn, ẹ ò ní gbọ́ ìyẹn àfi tí gbogbo ibi bá pa rọ́rọ́.

Ọ̀kan wá kù, èyí tí ohùn ẹ̀ máa ń gbọ̀n. Ẹ̀rín ni àwọn òyìnbó ń pe ìyẹn, wọ́n ní loon ń rẹ́rìn-ín bíi wèrè. Ẹ̀rù ló ń bà á. Tẹ́ ẹ bá ti gbọ́ ọ, ẹyẹ náà ti rí nǹkan tó ń kó o láyà sókè, ọ̀pọ̀ ìgbà sì ni nǹkan náà jẹ́ èmi tàbí ẹ̀yin.

Adìẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni ò jẹ́ ká mọ̀. Loon tó wà lórí ẹyin, téèyàn bá ti sún mọ́ ọn jù, ó máa na ọrùn ẹ̀ sílẹ̀ gbọọrọ títí orí ẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ kan omi, ó máa lẹ̀ mọ́ ìtẹ́ pẹ́kípẹ́kí. Mo ti rí ẹni tó ya irú ẹ̀ tó kọ ọ́ sábẹ́ ẹ̀ pé ìyá ti sùn lọ, ó ti rẹ̀ ẹ́. Kò sùn o. Ó ń fara pamọ́ ni, tónítọ̀hún bá tún sún mọ́ ọn díẹ̀ sí i ó máa já sómi, ẹyin á wá wà níta gbalasa fún kannakánná àti raccoon, ẹranko kékeré kan tó ń jí ẹyin jẹ. Òdìkejì ẹ̀ náà tún wà: loon tó gbé ẹsẹ̀ kan sókè tó ń gbọ̀n ọ́n, àwọn èèyàn á máa fóònù kiri pé ẹyẹ kan ti fara pa, ẹ̀yin ẹ wá gbà á là, ẹyẹ tó kàn ń na ẹsẹ̀ ẹ̀ ni. A máa ń káàánú ibi tí kò sí ìṣòro, ibi tí ìṣòro wà a máa ń pàtẹ́wọ́.

Sátidé yẹn

Mo wà lórí àpáta kan létí omi, kámẹ́rà mi wà lórí ẹsẹ̀ mẹ́ta. Màmá kan jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi lórí àga tó ń ká pọ̀, ìyá òyìnbó tó ti lé lọ́gọ́rin ọdún, ọ̀kan lára àwọn tó ń bá Loon Preservation Committee ṣọ́ àwọn ẹyẹ yìí lọ́fẹ̀ẹ́, ẹgbẹ́ tó ti wà ní New Hampshire láti 1975. Mo máa ń pè wọ́n ní Màmá. Wọ́n ti bi mí rí pé kí ló dé tí mi ò pe orúkọ àwọn bí gbogbo èèyàn ṣe ń pè é, mo ní ẹ̀yin tẹ́ ẹ ju ìyá mi lọ, tí wọ́n bá gbọ́ ọ nílé wọ́n á ní wọn ò kọ́ mi. Wọ́n rẹ́rìn-ín, látìgbà náà ni wọ́n ti ń jẹ́ Màmá.

Ọmọ kan ṣoṣo ló kù lọ́wọ́ loon tọkọtaya náà. Ìyá ń kọ́ ọ ní oúnjẹ jíjẹ. Ó gbé ẹja kan wá tí kò gùn ju ìka ọwọ́ lọ, ó fi í sí i lẹ́nu, ó já bọ́, ìyá rì lọ gbé e, ó tún fún un, ó tún já bọ́. Nígbà tó yá kò fi í sí i lẹ́nu mọ́. Ó sọ ọ́ sínú omi níwájú ẹ̀, ó wá ń wò ó. Ọmọ náà ki orí bọ omi, ó ń wá ẹja, ìdí ẹ̀ wà lókè, ó ń fi ẹsẹ̀ nà kẹ̀kẹ̀kẹ̀, mo ń rẹ́rìn-ín síbi tí mo ti gbójú mọ́ kámẹ́rà.

Ọkọ̀ kan wá yọ láti ẹ̀yìn erékùṣù, àwọn ọkọ̀ pẹrẹsẹ yẹn tó dà bíi pálọ̀ tó já kúrò lára ilé. Ìdílé kan ló wà nínú ẹ̀, àwọn ọmọdé, àti ọkùnrin méjì tó gbé kámẹ́rà dání níwájú. Èèyàn dáadáa ni wọ́n o, mi ò ní purọ́ mọ́ wọn. Wọ́n rí àwọn ẹyẹ náà, wọ́n pa ẹ́ńjìnnì, wọ́n sọ fáwọn ọmọ kí wọ́n rọra sọ̀rọ̀, wọ́n wá jẹ́ kí afẹ́fẹ́ máa gbé wọn bọ̀ díẹ̀díẹ̀, bóyá wọ́n rò pé níbi tí ariwo ò bá ti sí, ẹ̀ṣẹ̀ ò sí níbẹ̀. Ẹgbẹ́ yẹn ní kéèyàn fi fíìtì 150 ó kéré tán sáàárín òun àti loon. Ọkọ̀ náà ti kọjá ibẹ̀ tipẹ́.

Bàbá ló kọ́kọ́ yíjú sí wọn. Ohùn tó ń gbọ̀n yẹn jáde, ọ̀kan, òmíràn. Ó rì. Ìgbà tó máa yọ, ó ti wà láàárín ọkọ̀ àti ọmọ ẹ̀, ó sì dìde.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé, torí ó yàtọ̀ sí ìgbà tí loon bá kàn fẹ́ gbọn omi kúrò lápá. Ìyẹn kì í pẹ́, ó máa gbéra, ó máa lu apá lẹ́ẹ̀mejì lẹ́ẹ̀mẹta, ó máa gbọn orí, ó tún ti jókòó. Èyí, ńṣe ló gbé gbogbo ara ẹ̀ sókè kúrò nínú omi, tó ń fi ẹsẹ̀ wa omi lábẹ́ kíkankíkan kó má bàa ṣubú, ọrùn ẹ̀ tẹ̀, ó ti àyà síta, ó ń sáré bẹ́ẹ̀ ní ìdúró lọ sápá ọ̀tún, ó ṣubú lulẹ̀ sómi, ó tún dìde, ó tún sáré padà. Ẹ wo ẹyẹ tí kò lè rìn lórí ilẹ̀ tó ń fi ẹsẹ̀ yẹn dúró lórí omi. Mo tẹ kámẹ́rà mọ́lẹ̀, mi ò gbọ́wọ́ kúrò.

Àtẹ́wọ́ sọ nínú ọkọ̀. Ọmọ kan pariwo pé "Daddy, ó ń jó!" Gbogbo wọn ń rẹ́rìn-ín, àwọn ọkùnrin méjì yẹn ń yà á lọ ràì, inú wọn dùn dénú.

Màmá ti dìde lórí àga. Wọ́n sọ ọ́ jẹ́jẹ́, bí ẹni ń bá ara ẹ̀ sọ̀rọ̀, pé ijó kọ́ nìyẹn. Wọ́n wá bi mí pé ọmọ ńkọ́?

Mi ò mọ̀. Kò sẹ́ni tó mọ̀. Ohun tó ká mi lára jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí nìyẹn, pé gbogbo ojú tó wà ní adágún yẹn láàárọ̀ ọjọ́ náà, ara bàbá ló wà, tiwa àti tàwọn tó wà nínú ọkọ̀, tìyá ẹ̀ pàápàá tó ti jáde sí wọn lápá kejì. Mo gbójú kúrò nínú kámẹ́rà, mo rí ọmọ náà, omi ti gbé e lọ sí gbangba níbi tí kò sí koríko. Mo tún wòkè, idì kan wà lórí igi páìnì tó ti gbẹ, idì olórí funfun, ó ti tẹ orí sílẹ̀.

Màmá bẹ̀rẹ̀ sí í ju ọwọ́ sí àwọn tó wà nínú ọkọ̀ pé kí wọ́n padà sẹ́yìn, kí wọ́n padà sẹ́yìn. Àwọn náà ju ọwọ́ padà. Wọ́n rò pé ó ń kí wọn ni. Obìnrin kan nínú wọn ló fojú sí i dáadáa tó wá sọ nǹkan fún ẹni tó ń wa ọkọ̀, wọ́n tan ẹ́ńjìnnì, wọ́n rọra ń lọ. Idì náà ti gbéra ní tiẹ̀. Ó sọ̀ kalẹ̀ sún mọ́ omi, ọmọ náà rì, ìyá ẹ̀ yọ níbi tó ti rì gan-an, ó gbé ẹnu sókè. Idì náà yí kọjá. Kò pẹ́ rárá, kẹ́ ẹ tó sọ pé kí ló ṣẹlẹ̀ ó ti parí, ọmọ sì tún ti yọ.

Idì náà mọ ìdí tó fi yí kọjá. Lọ́dún 2019, ní Bridgton ní Maine, wọ́n rí idì kan tó kú sómi, ọmọ loon kan kú sítòsí ẹ̀. Nígbà tí wọ́n yẹ òkú idì náà wò, ihò kan ló wà láyà ẹ̀ tó wọlé dé ọkàn, ẹnu loon ló gún un. Idì o, ẹyẹ tí wọ́n yà sórí dọ́là! Òbí tó lè ṣe bẹ́ẹ̀ fún idì, kí ló wá lè ṣe fún ọkọ̀ alumíníọ́ọ̀mù tó kún fún èèyàn? Ó dìde dúró. Kò ní nǹkan míì. Agbára tó sì fi ń ṣe é, agbára tó yẹ kó fi pẹja fọ́mọ ni, àkókò tó sì fi ń dojú kọ wá, àkókò tó yẹ kó fi máa wòkè ni.

Fọ́tò Mọ́mì

Mo fi fọ́tò náà ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní Ìbàdàn lórí WhatsApp. Wọ́n fi ohùn ránṣẹ́ padà, wọ́n ń rẹ́rìn-ín: "Àbúrò, ẹyẹ yìí mà ń gbé e ṣe o!" Mo wá kọ ọ́ gígùn, mo ṣàlàyé gbogbo ẹ̀. Wọ́n dákẹ́ títí mo fi rò pé dátà wọn ti tán. Ìgbà tí wọ́n máa dáhùn, gbólóhùn kan ṣoṣo ni, "Fọ́tò Mọ́mì nìyẹn," mi ò sì bi wọ́n pé fọ́tò wo.

Nígbà ìsìnkú bàbá wa, a gba onífọ́tò kan, ọ̀dọ́mọkùnrin tó mọṣẹ́ gan-an. Bí wọ́n ṣe ń da yẹ̀pẹ̀ sílẹ̀, orúnkún Mọ́mì yẹ̀. Gèlè wọn ti bọ́, ẹnu wọn là sílẹ̀, àwọn obìnrin ilé méjì ń gbìyànjú láti fà wọ́n dìde, ọmọkùnrin yìí sá yípo sàréè wá síwájú, ó kúnlẹ̀ sínú yẹ̀pẹ̀ kó lè yà á láti ìsàlẹ̀. Fọ́tò náà dáa o. Ìmọ́lẹ̀ dáa, ọwọ́ àwọn obìnrin yẹn, ojú Mọ́mì, gbogbo ẹ̀ wà níbi tó yẹ kó wà. Lẹ́yìn oṣù kan ó gbé e wá sílé, ó ti sọ ọ́ di ńlá, ó ti fi férémù olómi góòlù sí i, ó ní ẹ̀bùn ni, òun ò gbowó. Mọ́mì dúpẹ́, wọ́n ṣàdúrà fún un, wọ́n fún un ní mílíńdà. Ó ń jáde, wọ́n gbé fọ́tò náà sẹ́yìn wọ́dúróòbù, wọ́n dojú ẹ̀ kọ ògiri. Ibẹ̀ ló wà dòní.

Ẹ̀gbọ́n mi lọ bi wọ́n lọ́sẹ̀ yẹn, ohun tí ẹnikẹ́ni nínú wa ò ṣe rí. Mọ́mì ní àwọn ò bínú sí ọmọ yẹn, iṣẹ́ ẹ̀ ló ń ṣe. Ohun tí àwọn rántí ni pé gbogbo ẹni tó wà nítòsí ló na ọwọ́ sí àwọn, ọmọ náà wá kúnlẹ̀, àwọn rò pé ó fẹ́ dì wọ́n mú ni.

Ẹ mọ̀ pé irú èyí ti pọ̀ jù láàárín wa. Táńkà á ṣubú ní márosẹ̀, fóònù á ti wà lókè kí ẹnikẹ́ni tó wá omi. Olè á wà nílẹ̀ tí wọ́n ń lù, ẹ máa rí i láti igun mẹ́ta. Èmi ò wá sọ pé ká má ya ẹni tó wà nínú ìṣòro o, ìyẹn á ba nǹkan jẹ́. Fọ́tò ló ń gba loon là lọ́pọ̀ ìgbà. Ẹni tó wà nínú kayak, ọkọ̀ kékeré tí wọ́n ń fi àjẹ̀ wà, ya loon tí okùn ìwọ̀ ti wé mọ́ ẹnu ẹ̀, ó fi ránṣẹ́ sáwọn tó lè mú un, wọ́n mọ ibi tí wọ́n á ti bẹ̀rẹ̀. Ní Seney, ibi tí wọ́n ti ń dáàbò bo ẹyẹ àti ẹranko ní ìpínlẹ̀ Michigan, àwọn tó ń wo òrùka aláwọ̀ tó wà lẹ́sẹ̀ àwọn ẹyẹ ló jẹ́ ká mọ̀ pé akọ kan tí wọ́n ń pè ní ABJ, tí wọ́n bí lọ́dún 1987, gbé pẹ̀lú abo kan, Fe, láti 1997 sí 2022, kí kálukú tó bá tiẹ̀ lọ. Ohun tó sì ń pa àgbà loon jù ní New Hampshire, òjé tí àwọn apẹja ń so mọ́ ìwọ̀, eksiréè ló jẹ́ ká rí i nínú ikùn wọn, tó ń tàn yanran láàárín àwọn òkúta tí ẹyẹ náà fi ń lọ oúnjẹ. Ẹyọ kan tó láti pa á láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Láti 2016 ni òfin ìpínlẹ̀ ti de títà àti lílo àwọn òjé kéékèèké yẹn. Kò sí ẹwà kankan nínú eksiréè òkú ẹyẹ, àmọ́ ẹni tó wò ó mọ ohun tó yẹ kóun lọ ṣe: á lọ yẹ àpótí ìwọ̀ ẹ̀ wò.

Tèmi ńkọ́? Ìbéèrè tó ń jẹ mí lọ́kàn gan-an nìyẹn, ó sì pẹ́ kí n tó rí ẹnu sọ ọ́. Kì í ṣe èmi ni mo lé ẹyẹ náà débi tó ti dìde, orí àpáta ni mo wà, lẹ́ǹsì ló gbà mí láyè. Àmọ́ ẹni tó bá rí i lórí Facebook tó sì wù ú, òun náà á fẹ́ tiẹ̀. Ọ̀nà kan ṣoṣo ló sì wà téèyàn fi lè rí irú ẹ̀ yà: kí loon ní ọmọ lọ́wọ́, kí nǹkan kan sì máa sún mọ́ ọn títí á fi dìde. Kò sí ọ̀nà míì. Tí mo bá gbé fọ́tò yẹn síta, mo ti júwe ọ̀nà fáwọn èèyàn nìyẹn, bí àpèjúwe oúnjẹ, àti ohun tí wọ́n á rà àti ibi tí wọ́n á dé é sí. Ẹnì kan ní kí n ṣáà kọ àlàyé sábẹ́ ẹ̀. Ẹ mọ bí WhatsApp ṣe rí jàre, kò ní dé ẹni kẹta kí àlàyé tó já bọ́, fọ́tò nìkan á máa lọ, ẹnì kan á sì fi orin sí i.

Màmá ló yanjú ẹ̀. Wọ́n ní kí n fún àwọn kí àwọn fi ṣe sáínbọ́ọ̀dù síbi tí wọ́n ti ń sọ ọkọ̀ sómi, ibi tó jẹ́ pé ẹni tó fẹ́ wọ adágún kò lè ṣe kó má rí i, tí ọ̀rọ̀ àti fọ́tò á sì wà lórí pákó kan náà, kò sẹ́ni tó lè yọ ọ̀kan kúrò lára ìkejì. Mo fún wọn. Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sókè ẹ̀ pé ẹyẹ yìí ń bẹ̀ yín pé kẹ́ ẹ máa lọ, wọ́n kọ fíìtì 150 sábẹ́ ẹ̀, wọ́n ya ọfà pupa sí ọmọ tó wà lẹ́yìn, torí wọ́n ní ọ̀pọ̀ èèyàn ò ní rí i tí wọn ò bá nawọ́ sí i. Òótọ́ ni, ìyàwó mi náà ò rí i nígbà àkọ́kọ́.

Nínú Sẹ̀tẹ́ńbà, òbí kan kọ́kọ́ lọ, ìkejì tẹ̀ lé e, ọmọ ṣẹ́ kù sí adágún lóun nìkan, ó ti di ẹyẹ gìrìwò aláwọ̀ eérú. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn, kò sẹ́ni tó kọ̀ ọ́ sílẹ̀. Ó ń sá eré gígùn lórí omi láti kọ́ bó ṣe máa gbéra, ara tó wúwo yẹn ò jẹ́ kó rọrùn, ó gbọ́dọ̀ gbéra kí omi tó di yìnyín. Òkun Atlantic ló ń lọ, tí kò tíì fojú kàn rí, bí ọdún mẹ́ta ló máa lò níbẹ̀ kó tó tún wá omi adágún wá. Màmá ní tí yìnyín bá yọ́ ní Épírì, àwọn máa gbé ìtẹ́ orí omi kan síbẹ̀ fún àwọn òbí ẹ̀, igi tí wọ́n so pọ̀ tó ń léfòó, kí ìgbì má bàa gba ẹyin lọ mọ́, àwọn sì nílò ẹni tó lágbára tó máa bá àwọn wọ́ ọ wọ omi. Mo ti forúkọ sílẹ̀. Ìyàwó mi ní ṣé torí ẹyẹ tá ò ní jẹ ni mo fẹ́ fi wọ omi yìnyín, mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ó ní kí n yáa tètè ra bàtà rọ́bà tó máa dé itan, torí òun ò ní ra oògùn ikọ́ fún ẹnikẹ́ni.